Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?

Káfíńtà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń bá kòkòrò pàdé ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Tí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bá ti ń rún dànù, èmi ni wọ́n á ránṣẹ́ pè. Tí igi òrùlé bá dẹ̀, tí páànù fẹ́ wọlé, èmi náà ni. Tí bẹ́ẹ̀dì bá ń jẹ ọmọ lóru, ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n á gbé e wá, ẹni tó gbé e wá á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ní àbúrò òun ló ni ín.

Gbogbo wọn ló ń béèrè ohun kan náà: "Ọ̀gá, òògùn wo ni ká rà sí i?" Mo mọ òògùn, mo sì ń lò ó nígbà tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n kí n tó dáhùn: ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i? Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á rò pé mo fẹ́ dá wọn lẹ́bi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà kan láyé rẹ̀ tí ọwọ́ lè tètè tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá bá a nígbà yẹn, ìgbálẹ̀ tàbí omi gbígbóná lásán lè tó o. Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó da òògùn sílẹ̀ bí ó ti wù ú, owó ló dà nù.

Ikán ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń fún mi níṣẹ́, òun náà ló sì ń ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ dáadáa, láàrin oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ẹ ó rí i nírọ̀lẹ́ tí ẹ̀sunsun á bo gílóòbù. Inú ọmọdé á dùn. Wọ́n á gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, ẹ̀sunsun á máa já sínú rẹ̀, wọ́n á yan án pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Èmi náà ń jẹ ẹ́ títí dòní, ojú ò sì tì mí. Àmọ́ ikán tó hu ìyẹ́ ni ẹ̀sunsun. Èyí tí ọmọdé, adìyẹ, alángbá àti èèrà kò bá rí kó, á bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, akọ á tẹ̀lé abo lẹ́yìn, wọ́n á máa wá ihò tí wọ́n á wọ̀. Àwọn méjèèjì yẹn ló fẹ́ lọ dá agbo tuntun sílẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá jí tí ẹ bá ìyẹ́ nílẹ̀, kí ẹ tó gbá a, ẹ wo ibi tó pọ̀ sí. Tó bá jẹ́ ìta, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ inú yàrá, lẹ́bàá ògiri níbi tí símẹ́ńtì ilẹ̀ ti là, ẹ po símẹ́ńtì díẹ̀, kí ẹ dí i lọ́sẹ̀ yẹn náà.

Ṣùgbọ́n ikán tó ń jẹ ilẹ̀kùn yín lónìí, kì í ṣe ti ẹ̀sunsun ọdún yìí. Agbo ikán máa ń lo ọdún mélòó kan kó tó pọ̀ débi tí yóò fi hu ẹ̀sunsun tirẹ̀. Èyí tó wọlé tọ̀ yín, ilé rẹ̀ ti wà nítòsí tipẹ́, ilẹ̀ ló sì gbà wọlé. Àwọn ikán tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ìyẹ́, ara wọn funfun, ó rọ̀, oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ á pa wọ́n kíákíá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ amọ̀ bo ọ̀nà wọn láti ilẹ̀ gun ògiri. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ yẹn ni ọjọ́ tó yẹ kí ẹ dìde, kì í ṣe ọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá ya mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ ya ibì kan lára rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí wọ́n bá ti tún un mọ, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó ń kun ilé fẹ́ràn kí wọ́n há a kúrò lára ògiri, kí wọ́n fi ọ̀dà bo ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì gbowó wọn. Ikán ò sí lára ògiri, ó ń kọjá níbẹ̀ ni.

Nísàlẹ̀ lẹ máa bá ohun tó pè é: ìdì igi ìdáná tó fara ti ògiri, páálí tí òjò ti rẹ, àjákù pákó tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ìyẹ̀fun pákó tí ẹnì kan dà sí ibi tí ilẹ̀ ti rì. (Àwọn èèyàn máa ń wá tọrọ ìyẹ̀fun pákó lọ́wọ́ mi láti fi bo ẹrẹ̀ ojúlé wọn. Mo máa ń fún wọn, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé kó má dé ẹsẹ̀ ògiri.) Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹ tó ronú kan òògùn. Tí òògùn bá máa wà, inú ilẹ̀ tó yí ẹsẹ̀ ilé ká ló ń lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló sì yẹ kó lò ó, pàápàá tí kànga bá wà nítòsí.

Àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ níbí, inú ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ri ẹsẹ̀ fúrẹ́ẹ̀mù mọ́. Ìrókò ìgbà yẹn lè fara dà á. Pákó ìsinsìnyí ò lè ṣe é. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gé ìsàlẹ̀ tó ti jẹ kúrò, kí n gbé igi náà lé orí kọnkéré, kí n sì fi Solignum, òògùn tí a fi ń kun igi kí kòkòrò má jẹ ẹ́, kun ojú ibi tí ayùn gbà kó mu ún yó kí n tó gbé e dúró, torí ojú ibi tí a gé ni igi ti ń fa omi jù. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ń dà nù wúlò fún òpó ọgbà, kò sì wọ́n. Ẹ má fi kun ohunkóhun tó wà nínú yàrá tí èèyàn ń sùn, ẹ má sì dà á síbi tí ẹ̀fọ́ máa hù.

Oníbàárà á ní kí n fi arère ṣe fúrẹ́ẹ̀mù fún òun nítorí ó fúyẹ́, owó rẹ̀ ò sì ga. Màá sọ fún un pé oúnjẹ ikán ni arère, bẹ́ẹ̀ náà ni àràbà. Á ní kí n máa ṣe é lọ. Ìrókò le, ikán kì í tètè rí i jẹ. Tíìkì náà dára, àmọ́ ọkàn igi rẹ̀ ni mò ń sọ. Tíìkì tí wọ́n gé láìtíì gbó, tó jẹ́ pé apá funfun ẹ̀bá èèpo ló pọ̀ jù lára rẹ̀, orúkọ lásán ló ń jẹ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ikán ti wà nínú igi tó ṣì dán lójú, ẹ fi ẹ̀yìn ṣísẹ̀lì kàn án. Igi tó yè á dún gbọ́n-ún. Èyí tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tan á dún bòkò, nítorí ọ̀dà àti èèpo tín-ín-rín nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ti ọ̀gán ńkọ́? Wọ́n máa ń pè mí sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ẹni tó bá fi ọkọ́ gé orí ọ̀gán dànù kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á tún un mọ. Ayaba wọn wà nísàlẹ̀ nínú yàrá amọ̀ tó le, ó ń yé ẹyin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́. Tí ẹ ò bá gbẹ́ débẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Àti pé èyí tó wà lóko, tó jìnnà sílé, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ìyá ìyàwó mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀gán oko wọn. Olú ló ń retí. Òótọ́ sì ni, ikán ọ̀gán ló ń gbin olú náà fúnra rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, lórí ewé àti igi tí ó ti rún, òun ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà òjò ni ti àwa náà á yọ lókè. Ọbẹ̀ olú ọ̀gán pẹ̀lú iyán Èkìtì, ẹni tó bá jẹ ẹ́ rí ò ní gbé ọkọ́ sí ọ̀gán mọ́.

Kòkòrò igi kejì kì í ṣe ikán rárá, àmọ́ àwọn èèyàn máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Èyí ni ẹ ó fi bá ìyẹ̀fun kíkúnná lábẹ́ àga, pẹ̀lú ihò tóńtó lára igi, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ lù ú. Wọ́n á sáré fín òògùn sí i. Kòkòrò tó lu ihò yẹn ti jáde lọ. Ó ti wà nínú igi náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, ó ń jẹ apá funfun igi tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí pákó ṣì wà ní sọ́ọ̀mìlì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù láìkùn ni ìyá rẹ̀ ti yé ẹyin sínú ihò kékeré ara igi. Igi tí fáníìṣì bá ti dí gbogbo ihò ara rẹ̀, kò ní rí ibi yé ẹyin sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kun abẹ́ tábìlì àti inú dúrọ́ọ̀, níbi tí ojú ò dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kùn sínú pé mò ń fi fáníìṣì ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ìdun nìkan ni kòkòrò tí mo mọ̀ tí ó ń dójú ti èèyàn. Mo ti rí ọmọ yunifásítì tó gbé bẹ́ẹ̀dì wá lálẹ́ kí ará ilé má bàa rí i. Bẹ́ẹ̀ ìdun kò bìkítà bóyá ilé mọ́ tàbí kò mọ́; inú ẹrù ló ń bá èèyàn wọlé, nínú báàgì, nínú fóòmù àlòkù, nínú àga tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ. Kò sì tíì sí ẹ̀rí pé ó ń kó àrùn ràn wá bí ẹ̀fọn. Oorun ló ń jí lọ́wọ́ èèyàn.

Òru ló ń jáde, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ẹ ó fi mú un. Lọ́sàn-án, gbogbo wọn ti há mọ́ ibi tí igi ti wọ inú igi, nínú ihò ìṣó, lábẹ́ pákó tí fóòmù sùn lé. Ẹ wá àmì dúdú kéékèèké, ìdun ò jìnnà síbẹ̀. Mo máa ń tú bẹ́ẹ̀dì náà palẹ̀ pátápátá ní gbangba, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, màá da omi tó ń hó sí gbogbo oríkèé rẹ̀, màá sá a sóòrùn kó gbẹ fín-ín-fín-ín, kí n tó tún un tò, kí n fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun pákó dí àlàfo, kí n sì kùn ún. Omi gbígbóná ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀, òògùn inú agolo kì í sábà pa ẹyin. Ẹyin tí omi ò bá kàn á pa ọmọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí náà ẹ padà yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì da omi sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Aṣọ tó bá lè gba omi gbígbóná, ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ti yàrá pa fún ìsinmi ọdún kí ẹ rò pé ebi máa pa á. Ìdun lè gbé oṣù mélòó kan láìmu ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì fi kẹrosíìnì pa bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́. Èmi tí mo ń fi igi jẹun mọ bí iná ṣe ń rìn.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ọgbà ìyàwó mi wà. Ilá, tẹ̀tẹ̀, ewédú, àgbàdo díẹ̀, ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọgbà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà, èmi kàn ń dá sí i ni. Àgbàdo ló kọ́kọ́ kó wàhálà bá a. Ìdin kan wà tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà tiwa yìí sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ìlà funfun onírìísí Y tó dorí kodò níwájú orí rẹ̀, àti àmì dúdú mẹ́rin tó pa igun mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré, ojú ewé ló ń há jẹ, ewé á wá ní ojú funfun tó ń tàn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ bá a. Tó bá dàgbà, á wọ inú ọkàn àgbàdo lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ tó rí bí ìyẹ̀fun pákó tútù á dí ẹnu ọ̀nà, ó ṣòro kí òògùn kàn án mọ́. Ìyàwó mi máa ń jí lọ sáàárín wọn láàárọ̀ kùtù, á fi ọwọ́ tẹ èyí tó bá rí pa, á bu eérú sí ọkàn àgbàdo tó kù. Fún ọgbà tí kò tóbi, ìyẹn tó. Olóko éékà mélòó kan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbà.

Eérú yẹn náà ló ń fọ́n sórí ilá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fò pẹ́ẹ́ tí ẹ bá fọwọ́ kan ewé, tí wọ́n ń lu ewé ilá ní ihò ihò. Ilá tó bá ti ga dé orúnkún, ó lè fara dà á ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lọ. Tó bá burú, á rẹ èso dóńgóyárò tí ó ti gún mọ́jú, á sẹ́ ẹ, á fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, á wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Kì í pa kòkòrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń dí i lọ́wọ́ àtijẹun àti àtibọ́ awọ dàgbà. Aládùúgbò tó bá fẹ́ rí òkú kòkòrò nílẹ̀ láàárọ̀ á ní kò ṣiṣẹ́.

Tata ni mo fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ tirẹ̀. Tata aláwọ̀ ewé àti òféèfèé, tó ń rùn, tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ títí yóò fi ku igi lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù kejì, oṣù kẹta ni ariwo rẹ̀ máa ń pọ̀, tí ó ti dàgbà. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí i nígbà yẹn. Ìgbà rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, wọ́n máa ń pọ̀ jọ sí ibì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ibòòji, àwọn abo á ki ìdí bọ ilẹ̀. Ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹyin náà á wà nínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Tí òjò bá dá díẹ̀, ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀, kò jìn rárá, kí oòrùn àti adìyẹ ṣe ìyókù. Ìkejì, nígbà tí wọ́n bá pa ní ìparí òjò, oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Wọ́n á kéré, wọ́n á dúdú, wọ́n á dì mọ́ ara wọn gìrì lórí ewé Akíntọ́lá lẹ́bàá ọ̀nà. Láàárọ̀ tí òtútù ṣì mú, wọn ò lè fò. Ẹ gbọ̀n wọ́n sínú garawa omi ọṣẹ. Tí ilé kan bá ṣe é, tí ilé kejì ò ṣe é, ẹ ó ṣì jọ jẹ gbèsè rẹ̀ ní oṣù kejì.

Mo rántí nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí ẹ̀gẹ́ ń ká orí jọ, tí bàbá mi ń sọ pé wọ́n ti ṣe oko òun. Kòkòrò kan tó ní ìda funfun lára ló ń fà á, láti gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Kì í ṣe òògùn ló ṣẹ́gun rẹ̀. Hans Herren, onímọ̀ nípa kòkòrò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ló mú agbọ́n kékeré kan tí ń pa á láti Paraguay, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1981, agbọ́n náà sì ń ṣe iṣẹ́ náà títí dòní. Wọ́n fún Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 1995. Ọdún rẹpẹtẹ kọjá kí n tó gbọ́ èyí. Bàbá mi ti kú láìmọ̀ ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fín òògùn kiri ọgbà lójoojúmọ́, irú agbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ń pa mọ́ ọn.

Lórí ẹ̀wà, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀wà. Láti oko ló ti ń bá ẹ̀wà bọ̀, ẹyin rẹ̀ ni àmì funfun kékeré tí ẹ ń rí lára hóró. Ọjọ́ tí ẹ bá rà á dé ni kí ẹ ṣe é. Ẹ sá a sóòrùn, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ bu ú kún kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, ẹ dé e pinpin, ẹ má sì ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á lo atẹ́gùn inú kẹ́ẹ̀gì tán, á sì kú. Ohun tí àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ má ta òògùn olómi sí ohun tí ẹ máa jẹ! Ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa òògùn apakòkòrò dichlorvos nínú ìgò kékeré, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lára ẹ̀wà lọ́jà. Ẹ gbóòórùn ẹ̀wà kí ẹ tó san owó. Kódà ẹ̀wà tí kòkòrò díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tù mí nínú ju èyí tí kòkòrò ò gbọdọ̀ sún mọ́ lọ.

Ti ẹ̀fọn, ẹ dé àgbá omi. Tó bá gbóná, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin fi ń di ẹ̀fọn tó ń fò, nítorí náà ẹni tó bá ń da omi táyà àti agolo nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti ń bá a ṣe é.

Ìjàlọ nìkan ni mi ò bá jà. Nígbà òjò, wọ́n lè ya wọ ilé lóru, kí wọ́n bo ògiri àti ilẹ̀. Àwọn kan á da kẹrosíìnì, wọ́n á fi iná sí i, wọ́n á wá jó aṣọ ara wọn. Àwọn àgbàlagbà tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jí gbogbo ilé, wọ́n á gbé àga síta, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjàlọ á ti wọ gbogbo ihò, á ti kó aáyán, ọmọ èkúté àti àkeekèé tó bá wà níbẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ gbé ọmọ ọwọ́ jáde, kí ẹ tú ewúrẹ́ tí ẹ so mọ́lẹ̀, kí ẹ sì ṣí ilé adìyẹ.